Ìjayà Tó Wọ Ara: Ìtọ́jú Àfẹnusọ, Ìtọ́jú Àfaraṣe àti Iṣẹ́ Àwa Awo

   

 

A kò ní ki Ifá nínú àsọyé yìí. Àwọn tí yóò sun ìyẹ̀rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn wa, ohùn wọn sì jọlọ̀ ju tiwa lọ. Ọ̀rọ̀ lásán ni ẹgbẹ́ ní kí a wá sọ, ọ̀rọ̀ náà sì wúwo.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ gbé ìbéèrè rẹ̀ wá. Wọ́n ní àwọn onímọ̀ ìlera ọpọlọ níbẹ̀ ti pín sí ọ̀nà méjì lórí bí a ṣe ń tọ́jú ẹni tí ohun burúkú ti ṣẹlẹ̀ sí. Àwọn kan ní kí aláìsàn jókòó, kí ó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, kí ó máa sọ ọ́ títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi rọ̀ lọ́kàn rẹ̀. Èyí ni a óò pè ní ìtọ́jú àfẹnusọ. Àwọn kejì ní ọ̀rọ̀ ẹnu kò dé ibi tí ẹ̀rù náà sá pamọ́ sí. Inú ara ló wà, láti inú ara ni kí a sì ti tú u sílẹ̀, nípa mímí, nípa fífetí sí ohun tí ara ń sọ, nípa jíjẹ́ kí ara gbọ̀n bí ó bá fẹ́ gbọ̀n. Èyí ni a óò pè ní ìtọ́jú àfaraṣe. Àwọn ọmọ náà wá bi wá pé: ẹ̀yin baba wa, ṣé kì í ṣe ohun tí ẹ ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ nìyí, pẹ̀lú ìlù, pẹ̀lú ijó, pẹ̀lú ìwẹ̀ odò?

Ìbéèrè náà dùn létí. Ta ni kò fẹ́ gbọ́ pé ohun tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí lónìí ni baba òun ti ń lò lánàá? Ṣùgbọ́n awo kì í torí pé oúnjẹ dùn kí ó gbé e mì láìjẹ ẹ́ lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ni wà nínú ìdáhùn wa, bẹ́ẹ̀ kọ́ sì wà níbẹ̀. Ẹ̀mí àwọn ènìyàn ló sì wà láàárín méjèèjì, nítorí náà a kò gbọdọ̀ fi ìgbéraga dáhùn.

Agbègbè tiwa yìí ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, ọjọ́ Àìkú, ilé tí wọ́n kó ohun ìjà sí ní bárékè àwọn ológun ní Ìkẹjà gbiná, àdó olóró sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàmù káàkiri. Àwọn ará Èkó kò mọ ohun tó dé. Àwọn kan rò pé ogun ni, àwọn kan ní ayé ti dópin. Wọ́n ń sá láì mọ ibi tí wọ́n ń sá lọ, òkùnkùn sì ti ń ṣú. Ọ̀pọ̀ wọn já sí odò Òkè-Àfà, níbi tí ewéko ti bo ojú omi tí ènìyàn fi lè rò pé ilẹ̀ ni. Àwọn tó kú lọ́jọ́ náà lé ní 1,000, àwọn ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Láti ibi tí a jókòó sí yìí, Òkè-Àfà kò jìnnà. Ní ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún ọdún 2008, katapílà tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀nà ní Ìjẹ̀gún gbá ọ̀pá epo tó wà nínú ilẹ̀, iná sì sọ. Nǹkan bí 100 ènìyàn ló bá a lọ. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, ilé alájà púpọ̀ kan wó ní Ìkòtún, àwọn tó kú níbẹ̀ náà lé ní 100, ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ àlejò láti Gúúsù Áfíríkà.

A sin àwọn tó kú, a ṣe ètùtù, a gbàdúrà. Àwọn tó yè ńkọ́?

Àwa tí à ń gba ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà ti rí wọn. A óò mẹ́nu ba méjì péré, a sì ti yí àmì wọn padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá wọn mọ̀. Èkíní jẹ́ obìnrin oníṣòwò kan tó ṣì kéré nígbà tí wọ́n sá eré Òkè-Àfà. Bí táyà mọ́tò bá bẹ́ lójú ọ̀nà Ìkòtún, obìnrin yìí yóò ti dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ kí ó tó mọ̀ pé òun ti dọ̀bálẹ̀. Bí ẹ bá bi í, yóò sọ fún yín pé àdó olóró ti tán láti ọdún 2002, pé táyà lásán ni. Ẹnu rẹ̀ mọ̀ ọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Ọrùn rẹ̀ le gbagidi bí igi. Kò lè gba orí afárá tí omi wà lábẹ́ rẹ̀ kọjá bí kò bá rí ẹni dì mú. Ó ti sọ ìtàn yìí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó ti sọ ọ́ fún ọkọ, fún ọ̀rẹ́, fún àwọn olùdámọ̀ràn, débi tí ìtàn náà ti dà bí ohun tí ó há sórí. Kò sì yí ohunkóhun padà.

Ọ̀rọ̀ obìnrin yìí ni àwọn ọmọ wa ń sọ nígbà tí wọ́n ní inú ara ni ẹ̀rù ń gbé. Ẹ jẹ́ kí a fetí sí èdè tiwa lórí rẹ̀, nítorí èdè Yorùbá ti sọ̀rọ̀ lórí ọ̀ràn yìí kí ẹnikẹ́ni tó kọ ìwé. Nígbà tí ẹ̀rù bá ọmọ Yorùbá, àyà rẹ̀ ló ń já. Orí rẹ̀ ló ń wú. Ara rẹ̀ ló ń bù máṣọ. Ọ̀rọ̀ tó bá dùn ún jù, a ní ó wọ̀ ọ́ ní akínyẹmí ara. Ẹni tí ìbínú rẹ̀ lọ sílẹ̀, a ní ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wálẹ̀. Ẹni tó mú ìyà mọ́ra, a ní ó ní ìfaradà, ara ló sì fi dà á. Ohun tí à ń sọ fún ọmọ tó bá ń gbọ̀n lẹ́yìn àlákálàá ni pé kí ó fara balẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa. A kò ní kí ó ro èrò mìíràn. Ara rẹ̀ ni a ní kí ó fi balẹ̀. Ìyá àgbà tí kò mọ ìwé kankan, tó gbé ọmọ náà mọ́ àyà, tó ń fọwọ́ gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́pẹ́, tó ń sọ pé fara balẹ̀, ìtọ́jú àfaraṣe ló ń ṣe yẹn.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe tan ara wa. Pé a ní ẹ̀dọ̀ wálẹ̀ kò sọ pé inú ẹ̀dọ̀ ni ìbínú ń sùn. Àwọn dókítà ti ṣàlàyé bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ewu bá dé, ọpọlọ yóò ránṣẹ́ sí gbogbo ara, àwọn ẹṣẹ́ kékeré tó wà lórí kíndìnrín yóò sì tú èròjà tí wọ́n ń pè ní adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn yóò máa lù kìkì, èémí yóò kúrú, iṣan yóò le, kí ènìyàn lè jà tàbí kí ó lè sá. Bí ewu bá kọjá, gbogbo rẹ̀ yẹ kí ó rọlẹ̀. Lára àwọn kan, kì í rọlẹ̀ tán. Ó dà bí ọdẹ àdúgbò tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún pé ilẹ̀ ti mọ́: títí di ọ̀sán gangan, ó ṣì ń fọn fèrè, ó ṣì ń da tọ́ọ̀ṣì sí ojú àwọn tó ń lọ sí ọjà. Nítorí náà, bí a bá sọ pé ìjayà wà nínú ara, ohun tí à ń sọ ni pé ọpọlọ àti iṣan ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan tí wọn kò tíì gbàgbé. Kì í ṣe pé ó dì sínú ẹran ara bí ìṣù eéwo tí a lè fi ọwọ́ tẹ̀ jáde. A sọ èyí nítorí àwọn kan ti ń polówó ìfọwọ́ra báyìí, tí wọ́n ń gba owó gọbọi, tí wọ́n ní àwọn yóò fún ìjayà jáde ní ẹ̀yìn ènìyàn. Ẹ ṣọ́ra fún wọn.

Báwo ni àwọn òyìnbó ṣe dé ibi tí wọ́n dé? Ìlú Vienna ni a lè ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí Josef Breuer àti Sigmund Freud ti gbé ìwé wọn jáde ní 1895. Nínú rẹ̀ ni ìtàn obìnrin kan wà tí wọ́n pè ní Anna O. Obìnrin yìí fúnra rẹ̀ ló sọ ìtọ́jú rẹ̀ ní ìwòsàn ọ̀rọ̀ sísọ, orúkọ náà sì mọ́ ìtọ́jú àfẹnusọ lára títí di òní. Ohun tí ọ̀pọ̀ gbàgbé ni pé ara ni àìsàn rẹ̀ ti hàn: apá rẹ̀ kan rọ, ìgbà kan sì wà tí kò lè mu omi bí òùngbẹ tilẹ̀ ń gbẹ ẹ́. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ẹnu, ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ ké.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó padà sí ara. Peter Levine, ará Amẹ́ríkà, gbé ìwé jáde ní 1997, ó ní ẹranko tó bá bọ́ lọ́wọ́ apẹran máa ń gbọ̀n jìgìjìgì kí ó tó padà sí ìjẹko, àti pé ènìyàn máa ń dá ìgbọ̀n tirẹ̀ dúró nítorí ìtìjú. Àwọn ọdẹ tó wà láàárín wa lè jẹ́rìí sí i tàbí kí wọ́n jiyàn. A ti gbọ́ méjèèjì lẹ́nu wọn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Bessel van der Kolk, dókítà tí wọ́n bí ní Netherlands tó ń ṣiṣẹ́ ní Boston, kọ ìwé rẹ̀ tó lókìkí ní 2014, tí àkọlé rẹ̀ sọ pé ara ló ń ṣírò gbèsè náà pamọ́. Ní ọdún kan náà, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí kan tí wọ́n ṣe pẹ̀lú obìnrin 64 tí ìtọ́jú ti ń lọ lórí wọn tipẹ́ tí ìjayà kò sì fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n ní kí ìdajì wọn máa ṣe yoga lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 10, kí ìdajì kejì máa gba ẹ̀kọ́ nípa ìlera. Nígbà tí wọ́n parí, ìdá 52 nínú 100 àwọn tó ṣe yoga ni kò ní àmì àìsàn náà dé ibi tí a fi lè pè é ní àìsàn mọ́. Láàárín àwọn tó gba ẹ̀kọ́ lásán, ìdá 21 ni. Èyí kì í ṣe ohun kékeré. Obìnrin 64 kò sì tó fi ṣe òfin fún gbogbo ayé.

Ibi tí ìwádìí ti pọ̀ jù lọ ṣì ni ìtọ́jú àfẹnusọ tó tẹ̀lé ìlànà, tí ẹni tó kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìmọ̀ràn wọn jáde ní 2013, ìyẹn ni wọ́n fọwọ́ sí, pẹ̀lú ọ̀nà kan tí Francine Shapiro bẹ̀rẹ̀ ní 1987, níbi tí aláìsàn ti ń rántí nǹkan náà bí ojú rẹ̀ ti ń tẹ̀lé ìka olùtọ́jú lọ sọ́tùn-ún sósì. Ṣùgbọ́n wọ́n kìlọ̀ pé kí a má ṣe kó ènìyàn jọ ní kété tí aburú bá ṣẹlẹ̀, kí a máa fi dandan mú wọn sọ ohun tí wọ́n rí, nítorí kì í ràn wọ́n lọ́wọ́, ó sì lè pa wọ́n lára. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Nígbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ládùúgbò wa, ohun tí a máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé kí a yí ẹni tó yè ká, kí gbogbo wa máa bi í pé báwo ló ṣe jẹ́, kí ó sọ ọ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kí ó tún un sọ fún aládùúgbò, kí ẹnìkan sì gbé fóònù sí i lẹ́nu. Omi ni ẹni náà nílò, àti aṣọ, àti ẹni rẹ̀ tí yóò jókòó tì í.

Bí a bá ń wá ibi tí ẹnu àti ara ti pàdé nílẹ̀ Yorùbá lọ́nà tí gbogbo ayé fi gbọ́, Abẹ́òkúta ni. Ní 1944 ni wọ́n sọ ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ kan ní Lántòrò di ibi ìtọ́jú, àwọn sójà tí ogun àgbáyé kejì ti da orí wọn rú sì wà lára àwọn tí wọ́n gbà síbẹ̀. Ní 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta tó kàwé ní Birmingham, gba iṣẹ́ ní Aró. Ilé ìwòsàn náà kò tíì parí. Dípò kí ó dúró de bíríkì, ó lọ bá àwọn baálẹ̀ abúlé tó yí Aró ká, ó ní kí wọ́n gba àwọn aláìsàn òun sínú ilé wọn. Aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ìyá rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní láti bá a wá, kí ó máa se oúnjẹ fún un. Lówùúrọ̀, wọn yóò rìn lọ sí ilé ìwòsàn fún oògùn òyìnbó. Lọ́sàn-án, wọn yóò bá àwọn ará abúlé lọ sóko, wọn yóò bá wọn ṣe iṣẹ́ ọwọ́. Bí abúlé bá ń ṣọdún, wọn yóò bá wọn jó. Lambo pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, ó ní kí wọ́n bá òun ṣiṣẹ́, ìyẹn sì bí àwọn kan nínú nígbà náà, láàárín àwọn dókítà àti láàárín àwọn oníṣègùn pàápàá. Ọkùnrin yìí náà ló di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé lẹ́yìn náà, tí ó sì papò dà ní 2004.

Ní Aró yìí kan náà ni Raymond Prince, dókítà ará Kánádà, ti ṣiṣẹ́. Ní 1960, ó kọ̀wé nípa àwọn ọmọ ilé-ìwé wa tí wọn kò lè kàwé mọ́. Wọn kò sọ fún un pé ọkàn àwọn bàjẹ́. Wọ́n ní orí ń gbóná, nǹkan ń rìn lórí, ojú ń ṣú, ìwé kò wọ orí mọ́. Àwọn ọmọ náà ń ru ìrètí odindi ìdílé, wọn kò sì lè fi ẹnu sọ fún bàbá wọn pé ẹrù náà wúwo. Ara bá wọn sọ ọ́.

A ti dé ọ̀dọ̀ tiwa wàyí. Àwọn ọmọ wa sọ pé ìlù, ijó àti ìwẹ̀ ni iṣẹ́ awo. Wọ́n fi èyí tó jinlẹ̀ jù sílẹ̀, bóyá nítorí pé kì í pariwo. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kí ìlù tó dún rárá.

Ẹni tó bá wá dá Ifá kì í sọ ohun tó gbé e wá fún babaláwo. Yóò mú owó lọ́wọ́, yóò gbé e súnmọ́ ẹnu, yóò sì sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí i wúyẹ́wúyẹ́. Ẹlẹ́dàá rẹ̀ àti Ifá ló ń bá sọ̀rọ̀. William Bascom, ará Amẹ́ríkà tó kọ ìwé ńlá nípa dídá Ifá ní Ifẹ̀, ṣàkíyèsí èyí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Ẹni náà ti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde láti inú. Ètè rẹ̀ ti mì, èémí rẹ̀ ti gbé e. Síbẹ̀ kò sí ojú ènìyàn kan tó ń wò ó, kò sí ẹni tó ń bi í pé kí ló tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ó pinnu bí ọ̀rọ̀ náà yóò ṣe pọ̀ tó. Lẹ́yìn náà, awo yóò dá Ifá, yóò sì máa ki ẹsẹ odù tó bá yọ. Ìtàn ẹlòmíràn ni ẹni náà ń gbọ́, ìtàn ẹnìkan tó ti rìn ọ̀nà náà rí láyé àtijọ́, tí ojú rẹ̀ rí màbo, tí ó rúbọ, tí ó sì là á já tàbí tí kò là á já. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò dá ìtàn tirẹ̀ mọ̀ nínú rẹ̀, yóò ní, baba, ó tó, èyí ni tèmi. Kò tíì sọ̀rọ̀ kan nípa Òkè-Àfà.

Ìgbà náà ni a ó mú ìbò. Ẹyọ owó ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, egungun ń sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tó wá ni yóò fi wọ́n pamọ́ sí ọwọ́ méjèèjì, ọ̀kan sí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì, ọwọ́ tí a bá sì pè ni yóò ṣí. Ẹ rí i pé ara ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́yìn èyí ni ẹbọ, ìkúnlẹ̀, ohun ẹbọ tí a fi kàn án lórí àti láyà, omi tútù, ìbọrí, ìwẹ̀, àti ilé ọlọ́nà tí kò ní jẹ́ kí ó dá nìkan wà. Ìlù ìpèsè lè dé, ijó lè dé. Ìparí ọ̀nà gígùn kan ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọ̀nà náà fúnra rẹ̀.

Nítorí náà, bí a bá bi wá pé àfẹnusọ ni Ifá àbí àfaraṣe, a óò ní ọ̀rọ̀ ló ṣíwájú nínú Ifá, ṣùgbọ́n a kì í fi ìbéèrè fa ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu ẹni tó ń jẹ̀rora.

Obìnrin tí a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, ọ̀nà yìí ni a bá a rìn. A kò ní kí ó tún ìtàn sọ. Oṣù mélòó kan ló fi ń wá lówùúrọ̀, tí ó ń fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀, tí ó ń gbé igbá omi sọ́wọ́, tí a ní kí ó kàn máa wo omi náà títí èémí rẹ̀ yóò fi gùn. Ẹ̀ka oògùn ilé ìwòsàn náà ń lọ, a sì ní kí ó má ṣe dá a dúró. Lọ́jọ́ kan, òun àti àbúrò rẹ̀ gba orí afárá Òkè-Àfà kọjá. Títí di òní, bí táyà bá bẹ́, ara rẹ̀ yóò ta gìrì. Ṣùgbọ́n kì í dọ̀bálẹ̀ mọ́.

Ẹnì kejì kò rí bẹ́ẹ̀, òun ló sì jẹ́ kí a máa sọ bẹ́ẹ̀ kọ́ fún àwọn ọmọ wa. Ọkùnrin ni. Lọ́jọ́ tí aburú ṣẹlẹ̀, ó di ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, èrò sì já ọwọ́ wọn. A wẹ̀ fún un, a bọ orí rẹ̀, ó jó nínú ọdún títí aṣọ rẹ̀ fi tutù. Oorun rẹ̀ dára sí i, ìgbọ̀n ọwọ́ rẹ̀ dín kù. Síbẹ̀ kò lè wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ohun tó wà lára rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rù nìkan. Ẹ̀bi ni, ìtìjú sì ni. Ẹ̀rù lè máa gbé inú iṣan láìní ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀bi, ọ̀rọ̀ ni gbogbo rẹ̀: èmi ni mo já a sílẹ̀, ì bá ṣe pé mo di í mú dáadáa. Kò sí ìlù tó lè dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lóhùn. Ó di ọjọ́ tí ó jókòó níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́dọ̀ olùtọ́jú tó kọ́ iṣẹ́ àfẹnusọ, tí ó sọ gbogbo rẹ̀, tí ẹ̀gbọ́n náà sì sọ ohun tí ó ti ń retí láti sọ fún un láti ọdún pípẹ́, kí ilẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ fún un. Ẹ̀gbọ́n náà kò bínú sí i rí. Kò kàn sí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí yóò ká àwọn kan lára. Ní 2019, ẹgbẹ́ Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣàbẹ̀wò sí ibi ìtọ́jú 28 ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ àti Àbújá. Wọ́n bá àwọn ènìyàn nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ní ti ìjọba, ní ti àwọn ẹlẹ́sìn Kírísítì, ní ti Mùsùlùmí, àti ní ti ìbílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ó wà lọ́dọ̀ àwọn yòókù náà. Ó wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń jẹ́ orúkọ iṣẹ́ wa, ìyẹn sì tó wa. Báwo ni a ṣe lè máa yangàn níwájú àwọn ọmọ wa pé àwa la ti mọ̀ pé ara ń rántí, kí a sì máa de ara yẹn mọ́ igi? Ara tí wọ́n nà nítorí kí wèrè lè jáde, òun náà ń kọ́ ẹ̀kọ́, kò sì ní gbàgbé rẹ̀. Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023, ti rọ́pò òfin wèrè tí àwọn òyìnbó fi sílẹ̀ láti 1916. Ó fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ láti mọ irú ìtọ́jú tí wọ́n fẹ́ fún un àti láti sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Awo tó bá dè ènìyàn mọ́lẹ̀ lónìí, ó ń da òfin ìlú, ó sì ń da ìwà pẹ̀lẹ́ tí a fi jẹ́ awo.

Ẹni tó bá ń sọ pé òun fẹ́ pa ara òun, ẹni tó ń gbọ́ ohùn tí kò sí, ẹni tí kò sùn fún ọ̀pọ̀ òru, ẹni tí gìrì mú, kì í ṣe ẹni tí a ó kọ́kọ́ máa wá ewé fún. Ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀. Yaba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1907 ṣì wà níbẹ̀. Ilé ìwòsàn gbogboogbò Alímọ̀ṣọ́ wà nílẹ̀ Ìgàndó níbí, ibẹ̀ ni a lè kọ́kọ́ gbé e lọ kí wọ́n júwe ibi tó kàn. A lè tẹ̀lé e lọ. A lè jókòó tì í níbẹ̀. Ifá kò ní bínú pé a gun mọ́tò lọ sí Yaba.

A ti bá ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ sọ ọ́, wọ́n sì ti gbà pé kí a kọ ohun mẹ́ta sínú ìwé kan. Èkíní, ọmọ ẹgbẹ́ kankan kò gbọdọ̀ de aláìsàn tàbí nà án. Èkejì, ẹni tó bá ń lo oògùn dókítà, a kò gbọdọ̀ ní kí ó dá a dúró nítorí ẹbọ. Ẹ̀kẹta, bí aburú bá ṣẹlẹ̀ ládùúgbò, àwọn ìyánífá wa ni yóò ṣíwájú lọ sọ́dọ̀ àwọn tó yè, pẹ̀lú omi, pẹ̀lú aṣọ ìbora, láìbéèrè ọ̀rọ̀. Ìwé náà wà lórí tábìlì lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, bírò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ni kí ó kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà a ó gba ìbéèrè, kí àwọn onílù tó wọlé.

Àbọrú, àbọyè.